Ẹsẹ Kẹta Orin Ìbídùn

Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1989, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀, ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orin náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti gbọ́ ọ. Mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, bí gbogbo ọmọ Èkó tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi ṣe mọ̀ ọ́n: ó máa ń wọlé láti ojú fèrèsé aládùúgbò láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ìyá ẹni bá ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ká gbọ́ orin yàtọ̀ sí ká tẹ́tí sí i. Ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ni, ní Sùúrùlérè, lẹ́yìn Òjúẹlẹ́gbá. Àwọn àwo orin àtijọ́ ni wọ́n ń tún gbé jáde sínú kásẹ́ẹ̀tì. Yàrá mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀: ṣọ́ọ̀bù níwájú, ọ́fíìsì ọ̀gá láàrin, yàrá ẹ̀rọ lẹ́yìn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni, èdè àti lítíréṣọ̀ sì ni mo kà ní yunifásítì. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún ni láti máa kọ ohun tí Ọ̀gá Túndé, ará Ìjẹ̀bú tó ni ilé-iṣẹ́ náà, ń pè ní ọ̀rọ̀ inú páálí: ìwé pélébé tí wọ́n ń ká sínú ike kásẹ́ẹ̀tì, tó ń sọ bí wọ́n ṣe hun orin àti ibi tí orin ti wá. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi máa dán mi wò.

"Mojí, ṣé o máa ń sọ̀rọ̀?" Ọ̀gá Túndé bi mí lẹ́yìn tí mo ti jókòó fún ìgbà díẹ̀.

"Bí ọ̀rọ̀ bá wà, sà."

"Háà! Sọjí, wá wò ó o. A ti gba ère síṣẹ́."

Ẹ̀gbọ́n Sọjí ló ń tọ́jú ẹ̀rọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ìdajì ohun tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Òun ló kọ́ mi pé kí ènìyàn tó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo àtijọ́, ó gbọ́dọ̀ fi omi ọṣẹ àti òwú nù ún, yípo yípo, bí ẹni ń fọ ojú ọmọ. Òun náà ló kọ́ mi pé etí máa ń purọ́ nígbà àkọ́kọ́. "Ìgbà àkọ́kọ́, ohun tí o fẹ́ gbọ́ lo máa gbọ́," ló máa ń wí. "Ìgbà kẹfà ni àwo á tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀."

Àwo tó wà lórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà ni orin tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbídùn kọ, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ "Aṣọ Ìnura Rẹ Ló Kù". Ọdún díẹ̀ ṣáájú ogun abẹ́lé ni wọ́n ṣe é. Orin kọ́ńtírì ni, ìyẹn orin àwọn àgbẹ̀ àti darandaran ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé gìtá ló máa ń sunkún nínú rẹ̀. Rédíò ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ìbídùn wá fi Yorùbá sí i, ó fi ìlù tó yá díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó sì di ohun tí ènìyàn lè sunkún sí tàbí kó jó sí. Ẹ̀gbọ́n Sọjí ní òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe irú rẹ̀ ní Èkó. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn. Ohun tí mo lè sọ ni pé mi ò tíì rí èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Báyìí ni ẹsẹ kìíní ṣe lọ:

Aṣọ ìnura rẹ ló kù lórí okùn,
wá mú un kí rélùwéè tó fọn.
Àkàrà tí mo dì fún ọ ṣì gbóná,
jẹ ẹ́ kí o tó dé Ìbàdàn.

Ègbè á wá tẹ̀lé e: "Máa lọ, máa lọ, ilẹ̀kùn wa ò ní kọ́kọ́rọ́." Ẹsẹ kejì ní: "Bàbá rẹ ò lè wá, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó ní kí n bá òun wo ojú rẹ. Bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ kan ti já, abẹ́rẹ́ wà nínú àpótí." Ẹsẹ kẹta ló gbajúmọ̀ jù:

Rélùwéè ti fọn, ó ti ń lọ,
ìgò omi rẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi.
Ẹni tó bá jókòó tì ọ́, bá mi kí i,
sọ fún un pé òtútù tètè ń mú ọ.

Láàrin "ó ti ń" àti "lọ" ni ohùn Ìbídùn ti já. Ó já bí okùn tí wọ́n fà jù, ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá sọ "lọ" ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Gbogbo Èkó ló mọ ibẹ̀. Wọ́n ń pè é ní ẹkún Ìbídùn. Ìtàn tí gbogbo wa gbọ́ ni pé akọ̀wé rélùwéè kan ló já a sílẹ̀, pé ọjọ́ tí akọ̀wé náà ń gbéyàwó mìíràn gan-an ni wọ́n pe Ìbídùn wá sí sítúdíò. Ọ̀gá Túndé ti kọ ìtàn yìí sílẹ̀ kí wọ́n tó gbà mí. Ohun tó kù fún mi, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, ni kí n fi gírámà yunifásítì dán an, kí n sì lọ gba ìfọwọ́sí lọ́dọ̀ Ìbídùn fúnra rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta.

Mo gbọ́ orin náà ní ìgbà kẹfà, mo tún gbọ́ ọ sí i. Nǹkan mẹ́ta ló ń rú mi lójú. Àkọ́kọ́, kò sí "ìfẹ́" nínú gbogbo orin náà, kò sí "ẹkún", kò sí "ọkàn mi". Aṣọ ìnura, àkàrà, bọ́tìnnì àti ìgò omi ló kún inú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n já sílẹ̀ kì í rántí bọ́tìnnì ẹni tó já a sílẹ̀. Èkejì, mi ò rí bí ẹnì kan ṣoṣo ṣe lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn. Ẹsẹ kìíní lè jẹ́ ti ìyàwó, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ ló ń sọ̀rọ̀ nínú ẹsẹ kejì, kò sí àní-àní. Ẹ̀kẹta ló le jù. Níbi tí ohùn Ìbídùn ti já gan-an, gìtá náà ṣi ẹsẹ̀ gbé. Irin tí wọ́n fi ń yọ́ lórí okùn gìtá sá kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé akọ̀wé yẹn já onígìtá náà sílẹ̀ ni?" mo béèrè.

Ẹ̀gbọ́n Sọjí wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, ó tún abẹ́rẹ́ gbé padà. Ó gbọ́ ọ. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Àwọn méjèèjì ṣe nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀kan náà," ló wí. "Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn."

Ó tún tọ́ka sí ohun kan tí èmi ò kà sí: ohùn tín-ín-rín kan tó wà lókè pátápátá, tó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí ohùn tó já, tó sì pẹ́. Ọ̀gá Túndé ti kọ ọ́ pé fèrè ẹnu ni.

Ní Ọjọ́rú, mo lọ sí Èbúté Mẹ́ta. Ilé alágbàlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ni Ìbídùn ń gbé, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ rírán nínú yàrá iwájú. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ó ga, ó dúdú, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ẹni tó rán mi. Ọkọ rẹ̀ wà lórí àga nítòsí fèrèsé, ó ń fi ọ̀bẹ bẹ ọsàn. Bọ̀dá Làsísì ni, ọmọ Múṣín, ó ti ṣiṣẹ́ jórinjórin nínú ọgbà rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì.

"Ọmọ mi, dìde. Ka ohun tí wọ́n kọ sí mi létí," Ìbídùn wí. "Mi ò rí jígí mi."

Mo kà á. Mo dé ibi tí akọ̀wé ń gbéyàwó. Ọ̀bẹ Bọ̀dá Làsísì dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi béèrè orúkọ akọ̀wé yẹn lọ́wọ́ Túndé," ló wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá a kí n lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá já a sílẹ̀, ta ni ì bá máa pè mí ní ọ̀lẹ láràárọ̀?"

"Ọ̀lẹ náà ni ẹ sì jẹ́," ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn.

Àwọn ọmọ tó ń ránṣọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ìbídùn ò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ téèpù lọ́rùn, ó ká a sọ́wọ́. "Gbọ́, ọmọ mi. Kò sí akọ̀wé kankan. Kò sí rí. Aráyé ló hun ún. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo ní kí a fi wọ́n sílẹ̀, pé ó ń mú kí àwo tà. Mi ò mọ̀ pé ọkọ mi ni yóò máa gbé e kiri."

Bọ̀dá Làsísì wo ọsàn ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Sìkírátù, wà ní ilé bàbá wa ní Múṣín," ló wí. "Ó fẹ́ràn orin yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti wọlé, ó máa ń sáré pa rédíò. Kì í sọ nǹkan kan, á kàn bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Àánú mi ló ń ṣe é. Ó rò pé ìyàwó mi ṣì ń sunkún ọkùnrin mìíràn nínú àwo. Mo ti sọ fún un títí. Á ní, 'Máa ṣe sùúrù, Làsísì, Ọlọ́run rí ọ.'"

Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Èmi ò rí i bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

"Nítorí náà, sọ fún Túndé," Ìbídùn wí. "Bí irọ́ yìí bá wà nínú páálí, mi ò fọwọ́ sí i. Kí orin náà kúkú sùn."

Mo mọ̀ pé bí mo bá padà lọ́wọ́ òfo, orin náà kú nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kí iṣẹ́ tèmi náà tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú mi sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ló mú mi sọ ọ́. Mo bi wọ́n pé, nínú ẹsẹ kẹta, kí ló ṣe obìnrin tó ń kọrin àti ọkùnrin tó ń ta gìtá ní ìṣẹ́jú kan náà?

Wọ́n wo ara wọn. Ìbídùn fi ọwọ́ bo ẹnu. Èjìká Bọ̀dá Làsísì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Èmi ni mo ta gìtá yẹn. Ta ló sọ fún ọ pé èmi náà ṣe nǹkan kan?" ó béèrè.

"Gìtá yín ni, sà. Irin yín yọ́ kọjá."

"Ìbídùn! Ó gbọ́ ọ! Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹnì kan gbọ́ mi!"

Báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́, tí ọ̀kan ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu èkejì. Sítúdíò wọn kò jìnnà sí ojú irin. Lásìkò yẹn, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń kọrin pọ̀ síwájú máíìkì kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹnì kan bá ṣe àṣìṣe, gbogbo yín lẹ máa tún un ṣe. Nítorí ariwo ọkọ̀, wọ́n ń fi ìsáré kọrin láàrin rélùwéè kan sí òmíràn. Wọ́n ti ba orin náà jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀gá tó gbé wọn wá búra pé òun ò ní gbé ẹni tó bá tún bà á jẹ́ padà, yóò fi ẹsẹ̀ rìn dé Ìwáyà. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ dáadáa. Ìbídùn dé ẹsẹ kẹta, ó kọ ọ́ pé "Rélùwéè ti fọn," rélùwéè tòótọ́ kan tó pẹ́ dé sì fọn lẹ́yìn ilé bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ.

"Ó sì bá ohùn gìtá mu rẹ́gí!" Bọ̀dá Làsísì pariwo. "Mo wò ó, ó wò mí. Ọwọ́ mi yọ́."

"Ẹ̀rín ti dé ibí yìí," Ìbídùn wí, ó fọwọ́ kan ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. "Bí mo bá rẹ́rìn-ín, ó di Ìwáyà. Mo gbé e mì. Ohun tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Ẹ̀rín tí mo gbé mì ni."

"Fèrè ẹnu ńkọ́, mà?"

"Fèrè ẹnu wo? Ta ló ní fèrè ẹnu láàrin wa?"

Mo tún béèrè nípa àwọn ọ̀rọ̀ náà, mo sọ fún un pé mi ò gbà pé ẹnì kan ló sọ gbogbo wọn.  Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ìyá òun ń ta búrẹ́dì ní ibùdókọ̀ rélùwéè ní Ìdó, òun sì máa ń tẹ̀ lé e. "Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé tí èèyàn bá ń pínyà, kì í sọ ọ̀rọ̀ ńlá. Á máa sọ̀rọ̀ bọ́tìnnì. Ìyá kan ló sọ ti bọ́tìnnì. Ìyàwó ọlọ́pàá kan ló sọ ti aṣọ ìnura. Ìgò omi yẹn, ọwọ́ obìnrin kan ló kù sí. Ó dì í mú títí ọkọ̀ fi pòórá, kò mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ òun." Ó tún téèpù rẹ̀ fi sọ́rùn. "Èmi ò ní ìbànújẹ́ kankan nígbà yẹn. Làsísì ń fi kẹ̀kẹ́ gbé mi kiri. Ìbànújẹ́ àwọn èèyàn ni mo yá."

Mo dúpẹ́, mo padà sí Sùúrùlérè. Mi ò tíì kọ nǹkan kan. Ẹni méjì tó fẹ́ràn ara wọn lè ṣe ìtàn pọ̀, wọ́n sì lè gbà á gbọ́. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Sọjí wá padà sídìí ohùn tín-ín-rín yẹn láti mọ̀ bóyá rélùwéè ni lóòótọ́. A jẹ́ kí ó lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀gbọ́n Sọjí yá fèrè ẹnu lọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò, ó ní òun yóò fọn ún bákan náà láì mí. Ó fọn ún. Ojú rẹ̀ ràn, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ohùn inú àwo ṣì ń lọ nígbà tó ju fèrè sílẹ̀ tó ń wúkọ́.

"Bí ènìyàn ló fọn ìyẹn," ó wí nígbà tó rí èémí, "ẹni náà ti kú síbẹ̀."

Ó kù sọ́wọ́ Ọ̀gá Túndé. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì di orí mú.

"Ẹ̀rín? Mojí, ẹ̀rín ò tà! Ẹkún ló ń tà. Ta ló ń ra kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀rín?"

"Sà, ẹ jẹ́ ká fi lọ àwọn oníbàárà wò."

"Ère ti fọhùn," ló wí. Ṣùgbọ́n ó gbà.

Ní Àbámẹ́ta, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù kún, Ẹ̀gbọ́n Sọjí fi orin náà sí i. Àwọn èèyàn mi orí, wọ́n ń bá a kọ ọ́. Obìnrin kan tó gbé agbòòrùn lọ́wọ́ ní, "Ó mà ṣe o, akọ̀wé burúkú yẹn." Orin náà parí, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ tiwọn lọ. Mo wá dìde. Mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níwájú èrò, ṣùgbọ́n mo sọ bí rélùwéè ṣe fọn àti ẹni tí yóò fẹsẹ̀ rìn dé Ìwáyà.  Lẹ́yìn náà ni obìnrin alágbòòrùn náà lu káńtà.

"Ẹ tún un fi sí i! Ẹ tún ibẹ̀ fi sí i!"

Ẹ̀gbọ́n Sọjí tún un fi sí i. Wọ́n fa etí sílẹ̀. Nígbà tí rélùwéè fọn, gbogbo wọn hó yèè. Wọ́n ní kó tún un fi sí i. Bàbá arúgbó kan tó wá ra bátìrì ní òun gbọ́ ẹ̀rín náà báyìí, pé ó hàn gbangba, pé òun ò mọ bí òun ṣe ń pè é ní ẹkún tẹ́lẹ̀. Mo kíyè sí ohun kan tí mi ò retí: nígbà tí orin tún dé orí ìgò omi, obìnrin alágbòòrùn náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fi etí gèlè nu ojú. Ọmọ rẹ̀ ti lọ sí Kàdúná, ló wí, kò sì bi ẹnikẹ́ni bóyá wọ́n fẹ́ mọ̀.

Ọ̀gá Túndé dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, ó ká ọwọ́ pọ̀. "Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn ẹkún á gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan," mo sọ fún un ní kẹ́lẹ́. "Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn rélùwéè á ní ká tún un fi sí i."

"Mo rí i," ló wí. "Mo lójú."

Mo kọ ọ̀rọ̀ inú páálí náà ní ìpínrọ̀ méjì. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ìbídùn ló kọ orin, pé Làsísì ọkọ rẹ̀ ló ta gìtá, pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pínyà ní Ìdó ló wà nínú rẹ̀, àti pé rélùwéè tó fọn nínú ẹsẹ kẹta, rélùwéè tòótọ́ ni. Ìbídùn wọ jígí rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ sí i. Wọ́n sì gbà mí síṣẹ́ pátápátá.

Lẹ́yìn tí kásẹ́ẹ̀tì jáde, mo gbọ́ oríṣiríṣi. Wọ́n ní awakọ̀ rélùwéè kan ní Zaria ń sọ fún àwọn èèyàn pé òun lòun fọn fèrè náà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè máà rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ní àwọn kan ṣì ń sọ ìtàn akọ̀wé, mo sì gbà, nítorí irọ́ tó dàgbà kì í kú lọ́jọ́ kan. Èmi ò lọ wádìí àwọn yẹn.

Èyí tí mo fojú ara mi rí kò ju ẹyọ kan lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, mo gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ fún Àǹtí Sìkírátù ní Múṣín, gẹ́gẹ́ bí Ìbídùn ṣe rán mi. Ó ka ọ̀rọ̀ inú páálí ní ẹnu ọ̀nà, ètè rẹ̀ ń mì.  Ó fi kásẹ́ẹ̀tì sínú rédíò, a jókòó. Orin ń lọ. Bọ̀dá Làsísì wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, nítorí ó ti dé ṣáájú mi láti kí wọn. Mo rí ọwọ́ Àǹtí Sìkírátù tó sáré lọ sórí rédíò bó ṣe máa ń ṣe. Ó dúró lórí bọ́tìnnì náà. Lẹ́yìn náà ló yí i sókè.

"Jókòó, Làsísì," ló wí. "Ìwọ ló ń ta gìtá yìí."

Ó jókòó. Rélùwéè fọn.